Ojú Ọ̀run Kò Gbọdọ̀ Tó Ẹyẹ Fò

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Eré ni, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù tàbí eré ìtàgé tí àgbàlagbà lè tìtorí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Eré orí tábìlì ni, tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń fi ẹnu ṣe, tí wọn yóò máa pe ara wọn ní jagunjagun, oṣó, olè àti ọdẹ. Nínú eré náà pàápàá, apá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú: bí a ṣe lè ṣètò ìjà ojú ọ̀run tí kò ní parẹ́ lọ́kàn àwọn tó jà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé lọ sí ojú ewé mìíràn. Àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson, ará Amẹ́ríkà méjèèjì, ni wọ́n ṣe é, ọdún 1974 ni ó sì jáde. Ẹnìkan a máa darí eré náà. Àwa ń pè é ní apàlọ́, nítorí pé iṣẹ́ apàlọ́ gan-an ló ń ṣe. Òun ni yóò sọ ibi tí àwọn yòókù wà, ohun tí wọ́n rí, àti ọ̀tá tó yọ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù kì í kàn máa gbe orin bí ọmọdé nídìí àlọ́. Olúkúlùkù ni yóò sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó rí i ṣe. Dáìsì yìí kì í ṣe olójú mẹ́fà ti lúdò nìkan: olójú mẹ́rin wà, olójú mẹ́jọ wà, ọba gbogbo wọn sì ní ogún ojú. Èmi ni apàlọ́ ẹgbẹ́ wa láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni a máa ń ṣe é nínú yàrá mi, èdè Yorùbá ni a sì fi ń ṣe é.

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òwe àlàáfíà ni. A ń pa á fún àwọn tó ń jowú ara wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ààyè gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n apàlọ́ tó bá fẹ́ ṣètò ìjà ojú ọ̀run, ọ̀tá rẹ̀ ni òwe yìí. Bí ojú ọ̀run bá tó ẹyẹ fò, kí ni yóò mú wọn pàdé? Ẹni tí a ń lé yóò yà sọ́tùn-ún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìjà orí ilẹ̀ ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní odò àti afárá. Òfúrufú kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjà ojú ọ̀run fi máa ń dà bí ti ènìyàn méjì tó dúró sí pápá tó tẹ́jú, tí wọ́n ń ta ara wọn lọ́fà títí ọ̀kan yóò fi ṣubú. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó já lé apàlọ́ léjìká ni pé kí ó sọ ojú ọ̀run di tóóró.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju dírágónì orí tábìlì lọ. Ní 1966, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Dungeons & Dragons, Mike Carr ti ṣe eré kan tí ó pè ní Fight in the Skies, tó dá lórí ìjà bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ilé-iṣẹ́ TSR tó tẹ Dungeons & Dragons ni ó wá tẹ eré náà nígbà tó yá, ìwé kẹta nínú àwọn ìwé ọdún 1974 sì ní òfin ìjà ojú ọ̀run tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìbátan ni awakọ̀ bàálù ogun àti ẹni tó ń gun dírágónì. Oswald Boelcke, ọmọ Jámánì, kọ òfin díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn awakọ̀ bàálù ogun ní 1916. Ó ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wá ipò tó sàn ju ti ọ̀tá lọ kí ó tó kọlù ú, kí ó sì jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn òun bí ó bá ṣeé ṣe. Àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Òkè ni ó ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ikú Boelcke ni ó kọ́ mi ju òfin rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, 1916, òun àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń lé bàálù Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Bàálù àwọn méjèèjì gbún ara wọn, ti Boelcke já, ó sì kú. Ọkùnrin tó ti já bàálù ọ̀tá 40 lulẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀tá ni ó pa á. Ojú ọ̀run kò tó ẹyẹ fò lọ́jọ́ náà, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lé. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe apàlọ́, ẹ mú èyí dání: kì í ṣe àpáta àti ìkùukùu nìkan ní ń sọ òfúrufú di tóóró. Ẹ fi ohun kan tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun náà máa rìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àwọn àgbẹ̀ bá dáná sun igbó, ẹ óò rí àwọn àwòdì tí wọn yóò péjọ sókè iná, tí wọn yóò máa já wá gbé tata tó ń sá jáde. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Oúnjẹ ló pè wọ́n. Orí irú iná bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ìjà wa tó dára jù lọ kà. Ẹyẹ ńlá kan gbé ọmọdékùnrin kan, ó ń fò lọ lórí igbó tó ń jó. Àwọn tiwa gun gírífónì, ẹranko tó ní orí àti apá idì, tí ìyókù ara rẹ̀ jẹ́ ti kìnnìún. Àwọn ajínigbé náà sì gun àdán ńlá, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Èéfín bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ooru iná ń ti ohun gbogbo tó ní apá sókè. Kò sí ẹni tó lè yà lọ, nítorí pé ọmọ náà kò yà.

Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni kan nínú ìjà náà. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bí apàlọ́ bá ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà kò sì gbé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà, irọ́ ló pa. Nínú ìjà tèmi, ní ìparí ìyípo kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ a gbé gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí apá ibi tó ń fẹ́ sí, àti ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ẹni tó bá gbọ́n yóò lọ dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti bá a ṣiṣẹ́.

Ìṣòro tó tún wà ni gíga. Tábìlì tẹ́jú, ojú ọ̀run kò tẹ́jú. Ṣé orí ni gbogbo wa yóò máa fi rántí ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀? Ọmọ ayò ni mo fi yanjú rẹ̀. Ọmọ 48 ni ó wà nínú ọpọ́n ayò, mo sì pín wọn fún àwọn tó ń fò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí o bá gòkè, mú ọmọ. Bí o bá sọ̀kalẹ̀, dá ọmọ padà. Ó sì bá òfin eré náà mu rẹ́gí, nítorí pé nínú òfin ọdún 2014, ẹni tó bá já bọ́ yóò ta dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, títí dé 20 dáìsì. Ohun tí o kó jọ sí iwájú rẹ, tí ó mú ọ ga ju ọ̀tá lọ, òun náà ni ìyà tí yóò jẹ ọ́ bí o bá ṣubú. Mo ti rí ẹni tó wo ọmọ ayò 15 níwájú rẹ̀ tí ó sì rọra dá mẹ́fà padà láìsọ̀rọ̀.

Èyí ló mú mi dé orí ìṣubú, tí í ṣe ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ Ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, tí Ìjàpá sì fẹ́ gun okùn náà lọ jẹun. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kì í ṣe oúnjẹ ọ̀run ni a ń dúró dè nínú àlọ́ náà. Ìgbà tí okùn yóò já ni. Ìjà ojú ọ̀run tí kò sí ẹni tó lè ṣubú níbẹ̀, ìjà orí ilẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ adẹ́mu ni. Igbà bàbá rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ nígbà tí òun wà ní ìwé kẹrin, bàbá náà kò sì fẹsẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ojú ọ̀run àkọ́kọ́, ó bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnìkan lè na ọwọ́ sí i.” N kò gbọ́ òfin tó dára tó èyí nínú ìwé eré kankan.

Ẹ wò ó: ìyípo kan nínú eré jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6. Ìwé kan tó jáde ní 2017 ní ẹni tó bá ń já bọ́ lè já ẹsẹ̀ bàtà 500 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá sì fi ojú ìmọ̀ ìṣirò wò ó, láìka afẹ́fẹ́ sí, ẹsẹ̀ bàtà 500 gba bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àti ààbọ̀. Ó kéré, àmọ́ ó tó láti pe orúkọ ẹni, ó sì tó láti na ọwọ́. Nítorí náà, lórí tábìlì tèmi, bí ẹnìkan bá já, kí ó tó kan ilẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohun kan ṣoṣo tí òun ṣe, ohun náà yóò sì ná an ní nǹkan. Oṣó lè pe ọfọ̀ tó ń sọ ìṣubú di fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ni agbára rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni ó sì fi ń sọ ènìyàn kalẹ̀ ní ìyípo kan, èyí tó jẹ́ 600 lápapọ̀. Ẹni tó bá tètè pè é láti ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ojú ọ̀run ni ọfọ̀ yóò ti tán lára rẹ̀.

Ní alẹ́ ìjà orí iná náà, ẹyẹ ńlá ju ọmọ náà sílẹ̀ láti ibi ọmọ ayò 14. Ọfọ̀ oṣó ti tán. Ọmọ adẹ́mu ní ọdẹ tòun tú okùn tí ó fi so ara rẹ̀ mọ́ gàárì, ó sì fò sílẹ̀. Ó ta dáìsì ológún: 17. Ó di ọmọ náà mú, àwọn méjèèjì sì ń já bọ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò bèèrè ohun tó wà nínú òfin. Ó ní òun fi ìjánu sílẹ̀, òun di ẹsẹ̀ ọdẹ mú. Ó ta 12, ó ṣe é. Ọmọ ayò mẹ́ta ni ó kù níwájú wọn. Kò sí ẹni tó pariwo nínú yàrá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi sọ pé, “Ó ṣeé ṣe, àbí?” A ní ó ṣeé ṣe.

N kò ní gbàgbé àwọn tí kò ní apá. Bí ẹni mẹ́ta bá ń fò tí ẹnìkan sì dúró sílẹ̀, ẹ fún onítọ̀hún ní iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é: okùn tí yóò dì mú, iná tí yóò dá láti fi ọ̀nà hàn wọ́n, tàbí ìlù tí yóò lù kí àwọn tó wà nínú èéfín lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ìjà tó bá mú ẹnìkan jókòó tó ń wo àtẹ́lẹwọ́, ìjà burúkú ni, bí dírágónì inú rẹ̀ tilẹ̀ tóbi tó òkè Ìdànrè.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nídìí eré àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdáhùn mi kò gùn. Òfin eré náà ní ohun tó ń fò tí ìrìn rẹ̀ bá dúró yóò já bọ́, àfi èyí tó bá lè dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́. Kí ni a ń pe ìdúró yìí? Nínú àwa márùn-ún tí a ń gba oyè nínú ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo pe ìyá mi àgbà lórí fóònù, mo júbà, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé rírà bàbà ni? Àwòdì wo lo rí tó ń rà bàbà lóru?” Láti ọjọ́ náà, gírífónì wa ń rà bàbà. Eré àjèjì ló rán mi lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ilé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí ó wá dáìsì, kí ó yá ọpọ́n ayò bàbá rẹ̀, kí ó sì pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Kí ó sọ ojú ọ̀run di tóóró fún wọn. Bí ọ̀kan bá sì ń já bọ̀, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó wo ojú àwọn yòókù, kí ó bi wọ́n léèrè pé ta ni yóò na ọwọ́.