Tápẹ́ẹ̀tì Tó Dákẹ́

Ìyìn ni wọ́n fi ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi jẹ́. Kò sí ẹni tó bá mi wọ̀ ọ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ tí kì í sọ pé, "Tíṣà, ọkọ̀ yín mà dákẹ́ o, a ò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀." Inú mi a sì máa dùn. Camry tòkunbọ̀ ni, ti ọdún 1999, oní-lítà 2.2 tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 5S. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, fáàfù mẹ́rìndínlógún: mẹ́jọ ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, mẹ́jọ ń lé èéfín jáde. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń lé èéfín yìí ló kó mi sí gbèsè.

Gbígbọ̀n ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dúró ní ìkóríta, sitẹ́ẹ̀rìn a máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tí mo bá sì ti tẹná, á lọ. Ìyẹn ló tan gbogbo wa jẹ, torí ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa lójú títì, ta ni yóò ní fáàfù rẹ̀ ti jóná? Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo. Èyí sì jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí ẹni tó ń ra epo kún táǹkì tẹ́lẹ̀ wá ń ra ìwọ̀nba tó máa gbé e délé. Tó bá wá di pé a fẹ́ gun òkè, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹ. Àyà mi kì í balẹ̀ mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ́nà Emùré, nítorí láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 tí wọ́n ti jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé nínú bọ́ọ̀sì wọn lágbègbè yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọkọ̀ kú mọ́ òun lọ́wọ́ níbẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Èkejì ní wáyà pílọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn fọ nọ́sù, ó tún ní kí n ra pọ́ǹpù epo. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, kọ̀ǹpútà sì gbé P0303 jáde, ìyẹn ni pé sìlíńdà kẹta kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò sọ ìdí rẹ̀, ọkùnrin náà sì fi tirẹ̀ kún un: ó ní kọ́ìlì ti kú. Mo ra kọ́ìlì. Gbígbọ̀n kò lọ.

Ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí òkè Orólè, ní Ìkẹ́rẹ́, ló gbà mí. Ó wo àwọn nǹkan tuntun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti ta ọjà fún yín tó. Ẹ jẹ́ ká bi ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ léèrè." Ó ṣàlàyé pé kọ́ìlì kan náà ló ń fún sìlíńdà kejì àti ẹ̀kẹta níná nínú irú ọkọ̀ yìí, pé tó bá jẹ́ kọ́ìlì ló kú, méjèèjì ni ì bá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ì bá ti gba owó kọ́ìlì sílẹ̀ fún mi.

Ó yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi géèjì kọ́mpírẹ́ṣọ̀n sí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kíìkì. Mẹ́ta wọn ju 160 psi lọ. Ẹ̀kẹta kò dé 50. Ó da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò náà, ó tún wọ̀n ọ́n, kò yí padà. Ó ní a jẹ́ pé kì í ṣe ríìngì, torí òróró ì bá ti dí àlàfo ríìngì fúngbà díẹ̀, géèjì ì bá sì ti gòkè.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ mọ̀. Ó ní pílọ́ọ̀gì àtijọ́ kan tó ti gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, tó sì ní kí wẹ́dà jó ẹnu páìpù mọ́. Ó dè é mọ́ ihò sìlíńdà kẹta nígbà tí písítìnì wà lókè, tí fáàfù ibẹ̀ yẹ kó pa dé pátápátá. Ó fi sípánà di ẹ́ńjìnnì mú kó má baà yí. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ na rọ́bà pọ́ǹpù rẹ̀ sí wa, ó sì ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ lọ gbọ́wọ́ sẹ́nu sàlẹ́ńsà." Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́wọ́ síbẹ̀: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lọ́wọ́, ó ń dún ṣììì. Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Fáàfù èéfín ló ń jò nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ti ń dún ni, fáàfù tó ń gba epo ni ì bá jẹ́. Ká ní ibi tí a ń rọ òróró sí ni, ríìngì ni. Tí omi rédíétọ̀ bá sì ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, owó fọkanáísà nìkan ni mo san.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ l'Ákùúrẹ́. Mi ò gbà. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà ní fáàfù tirẹ̀, ta ló sì ti wọ̀n ọ́n?

Wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Etí fáàfù èéfín kan ní sìlíńdà kẹta ti ṣí lápá kan, bí àkàrà tí ọmọdé bù jẹ, ìjókòó rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn oníléèdì, wọ́n ré ìjókòó náà, wọ́n yẹ ojú tọ́ọ̀pù wò bóyá ó ti tẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìyẹ̀fun ìlọfáàfù pa etí fáàfù tuntun, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi rẹ̀ lọ yí i bọ̀. Á gbé e, á nù ún, á wò ó, á tún padà sí i. Ohun tó ń wá ni òrùka eérú kan tó yí fáàfù po láìjá níbì kankan, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó rí i, ó dojú tọ́ọ̀pù délẹ̀, ó da kẹrosíìnì sórí fáàfù. A lọ jẹun. A dé, ẹ̀kán kan kò jò.

Ìgbà tó ń to tápẹ́ẹ̀tì, irin tó wà láàárín káàmù àti fáàfù, ló wá sọ ohun tó pa fáàfù àtijọ́. Ìjókòó fáàfù ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bó ṣe ń jẹ ni fáàfù ń sún mọ́ káàmù tó ń tì í ṣí, tí àlàfo àárín wọn ń dín kù. Àlàfo yẹn ló ń dún. Nínú 5S, tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ti fáàfù èéfín gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.28 sí 0.38 mìlímítà. Tó bá tán, ariwo tán, ṣùgbọ́n fáàfù kò ní lè jókòó dáadáa mọ́. Èéfín tó gbóná ju 700 lọ lórí ìwọ̀n Celsius yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá jókòó ló ń rí ooru ara rẹ̀ gbé sílẹ̀. (Àwọn oníbàálù ti mọ ìyà tí fáàfù èéfín ń jẹ tipẹ́: fáàfù ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ òfuurufú Lindbergh fi fò láti New York dé Paris ní 1927 ní sodium nínú, kí ooru lè tètè kúrò lórí rẹ̀.) Nínú fáàfù èéfín mi yòókù, a rí mẹ́ta tí wọn kò pé 0.28. Àwọn náà ti tò sẹ́yìn èyí tó jóná. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń yìn nìyẹn.

Ọkọ̀ mi ń dún tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀ láàárọ̀ báyìí títí yóò fi gbóná. Àwọn èrò ti ń sọ pé ó ti ń darúgbó. Mo ń gbọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti ń gbèrò láti yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì nítorí owó epo, mi ò sì dá ẹnì kankan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gáàsì gbẹ ju bẹntiróòlù lọ, ó sì máa ń tètè jẹ ìjókòó fáàfù. Láyé Peugeot 504, òjé tó wà nínú epo ló ń dáàbò bo ibẹ̀. Nígbà tí 2006 fi máa wọlé, ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ti yọ òjé kúrò nínú epo nítorí ìlera, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó fẹ́ de agbá gáàsì mọ́ búùtù yín, ẹ ní kó ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, kó sì fi géèjì wọn gbogbo fáàfù èéfín lójú yín. Tó bá ní etí lásán lòun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.