Nígbà Tí Ìdíje Bá Parí: Àwọn Ọmọbìnrin Agbábọ́ọ̀lù Ajégúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá gba Ìjọ́rà wọ Àpápá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí tírélà kí ó tó rí ènìyàn. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí pé èbúté ni ó sọ Àpápá di ohun tí ó dà. Láti àwọn ọdún 1920 ni ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní 1955 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó sì di 1977, wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island kún un. Ìrẹsì, irin, aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ, púpọ̀ nínú ohun tí à ń lò nínú ilé ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà tí ń dúró de ẹrù fi dí ojú ọ̀nà pa, títí di 2021 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ayélujára pè wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fi èbúté sílẹ̀, tí ẹ sì rìn lọ sí apá ibi tí àwọn ilé ńlá wà, ariwo yóò rọlẹ̀. Igi ń bẹ létí títì, ọgbà yí ilé ká, aṣọ́nà sì jókòó sẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Boundary. Ààlà ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ààlà náà ni ibẹ̀ sì jẹ́. Àpápá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ajégúnlẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọjà sì wà láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti béèrè ẹ̀gbẹ́ tí owó ti wá.

Ajé gúnlẹ̀: ajé ti dé, ó ti fìdí kalẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àdúrà ni ẹni tí ó sọ ibẹ̀ ní orúkọ yìí ń gbà. Ajé ń gúnlẹ̀ sí èbúté lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rù ú ni wọ́n ń sùn sí Ajégúnlẹ̀: alábàárù, awakọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké. Ìlàjẹ ń bẹ níbẹ̀, Ìjọ ń bẹ níbẹ̀. Urhobo, Ìgbò, Hausa àti Yorùbá jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà ni. Èdè píjìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá yékéyéké.

Bí a bá dárúkọ Ajégúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ yóò tàn. Ibẹ̀ ni Samson Siasia ti dàgbà, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, tí ó sì tún jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní ìdíje Olympic ti Beijing ní 2008. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo náà ti dàgbà kí ó tó dé Manchester United ní 2020. Wọ́n tilẹ̀ ní pápá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maracana, orúkọ pápá ńlá tí àwọn ará Brazil kọ́ nítorí ìdíje ife àgbáyé ti 1950.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Nítorí tiwọn ni mo ṣe lọ síbẹ̀.

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan ni gbogbo wọn. Inú Ajégúnlẹ̀ ni ilé òbí púpọ̀ nínú wọn wà; ìwọ̀nba díẹ̀ wá láti Àpápá, nínú ilé tí ìyá tàbí bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́ fún olówó. Mo ń kọ́ méjì nínú wọn ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, kò sí olùkọ́ eré ìdárayá tí ń tẹ̀ lé wọn dé ilé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, ni ó ń kó wọn jọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ìsinmi yìí ti gùn tó. Ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ẹ wo ti àwọn yunifásítì tí wọ́n ń pè ní NUGA, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1966: ọdún méjì méjì ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké kò yá ju èyí lọ. Nítorí náà, ọmọbìnrin kan lè gbá bọ́ọ̀lù ìdíje fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó sì dúró fún ọdún méjì kí òmíràn tó dé. Inú ìdúró yìí ni ẹgbẹ́ ti máa ń tú. Kì í ṣe orí pápá ni ọmọbìnrin ti ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Inú ilé ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Wọ́n máa ń dé orí pápá kí agogo mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù, ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń jí bẹ́ẹ̀ ni pé bí agogo méje bá ti kọjá, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ni pápá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn a tò sórí ìlà kan, wọn a sì máa ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò nínú iyanrìn. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n ní, ọ̀kan sì ń jò. Ọ̀rá omi tí wọ́n rọ iyanrìn sí ni wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí wọn yóò sáré yí ká. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń fò, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá di agogo méje, oníkálukú a ti tú ká: ọ̀kan lọ sí ìdí àkàrà ìyá rẹ̀, ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọ̀kan lọ dirun, òmíràn lọ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ P.O.S. láti máa bá àwọn ènìyàn gba owó.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, mo bá èyí tí ó ń ṣe P.O.S. jókòó, a sì ṣírò ọjọ́ rẹ̀. Ó ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ láti lọ pọn omi. Lẹ́yìn pápá, ó ń fọ àwo, ó sì ń wẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó wà ní ìdí iṣẹ́. Bí ó bá dé, ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó sì ń ka ìwé díẹ̀. Agogo mọ́kànlá òru ni ó ń sùn. Oorun wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nìyẹn, fún ẹni tí ó ń sáré lórí iyanrìn. Mo wá béèrè nípa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó fi ọdún kan péré jù ú lọ. Òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà. Bí ó bá dé, ó ń wẹ̀, ó ń jẹun, ó sì ń lọ sinmi. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó pọn omi rí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun ẹ tún ìṣírò yìí wò. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ó ń dá ọmọ yìí lágara. Wákàtí kan péré ni bọ́ọ̀lù ń gbà nínú ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ni láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àárẹ̀ bá dé, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ilé yóò kọ́kọ́ ní kí ó jù sílẹ̀.

Oúnjẹ tún ni ọ̀rọ̀ kejì. Púpọ̀ nínú wọn ni tíì àti búrẹ́dì jẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀ wọn. Kò burú fún ẹni tí ó jókòó, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó sáré. Ọmọbìnrin tí ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, ó sì nílò oúnjẹ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, edé, ẹyin, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò ṣòro láti rí ní ọjà Boundary. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀kọ, kí ó mu ọsàn tẹ̀ lé e, nítorí pé ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti fa èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀wà. Kí ó fi tíì sí ìgbà mìíràn, nítorí pé tíì ń dí èròjà náà lọ́wọ́. Kí ó mu omi kí ó tó lọ sí pápá, kí ó sì tún mu nígbà tí ó bá dé. Jẹ́sì tí òógùn ti rin kò gbọdọ̀ sùn sínú báàgì: kí ó dojú inú rẹ̀ síta, kí ó fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sá a sí ibòji. Kọ́mú tí ó di àyà mú dáadáa ṣe pàtàkì bíi bàtà.

Mo bá ìyá ọ̀kan nínú wọn nínú ọjà, níbi tí ó ti ń ta ẹja gbígbẹ. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó fún mi ní àga, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ láìfi bò.

"Tíṣà, mi ò sọ pé kí ó má gbá bọ́ọ̀lù o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí orúnkún rẹ̀ kún fún àpá? Bí ó bá sì ṣe ilé ọmọ rẹ̀ léṣe ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ilé ọmọ kò sí ní ìta. Àárín egungun ìbàdí ni Ọlọ́run fi í pamọ́ sí. Sísáré kì í bà á jẹ́."

Mo sọ fún wọn nípa Alex Morgan, agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà tí ó bí ọmọbìnrin ní 2020, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní ìdíje Olympic ní 2021. Mo sọ nípa Chioma Ajunwa tiwa, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí Nàìjíríà kó lọ sí ife àgbáyé àwọn obìnrin ní 1991, tí ó sì gba wúrà nínú ìfò gígùn ní Atlanta ní 1996. Mo sọ nípa Rasheedat Ajibade, ọmọ Muṣin, tí ó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù nínú Èkó yìí kan náà. Òun ni balógun àwọn Super Falcons ní oṣù keje 2025 nígbà tí Morocco fi góòlù méjì ṣáájú wọn ní Rabat, tí àwọn ọmọ wa sì yí i padà sí mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá.

Ìyá náà gbọ́, ó mi orí. Ó ní, "Ó dára, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pọn omi?"

Ìbéèrè náà nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àpá orúnkún àti ilé ọmọ kàn jẹ́ ohun tí à ń sọ síta ni. Iṣẹ́ ilé ni ìdí abájọ. Mo ní kí wọ́n pín omi náà láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin fún èkejì. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn yóò rò ó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan dé ní 1972 tí ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìjọba má ṣe ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ nínú ohunkóhun, eré ìdárayá sì wà lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn ti ń rí pápá, olùkọ́ àti ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ gbà nítorí bọ́ọ̀lù tàbí softball, tí ẹnìkan sì ń mójú tó wọn pàápàá nígbà tí ìdíje kò sí. Kì í ṣe pé ọmọ wọn lágbára ju tiwa lọ. Ètò ni wọ́n ṣe. Títí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, inú ilé ni ètò tiwa wà, ọwọ́ ìyá ni ó sì wà.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ọmọ yín kò tíì ju ìkókó lọ. Àsìkò rẹ̀ gan-an nìyí. Ọmọkùnrin tí ó bá kọ́ bí a ti ń fọ àwo ní ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní í kà á sí ìyà ní ọmọ ogún ọdún. Bí ọmọbìnrin bá sì ti mọ̀ láti kékeré pé wákàtí eré òun kì í ṣe olè jíjà, kò ní í jù ú sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ bá baba wọn sọ ọ́ pẹ̀lú.

Oṣù tí ń bọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn yóò wọlé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn ti ka orúkọ: nínú mẹ́rìndínlógún, ó ní ó dá òun lójú pé mẹ́tàlá yóò padà. Àwọn mẹ́ta yòókù kò wá sí pápá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó mọ ilé wọn, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ kí àwọn ìyá wọn, nítorí pé wọn yóò gbọ́ ti àgbà ju tòun lọ. Ọjọ́ Sátidé ni a ó lọ.