Ìgò oògùn kan, ilé mẹ́rin: bí a ṣe ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé l'Ágége

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi wá pé ṣé ó yẹ kí ẹni tó ní adìyẹ mẹ́wàá péré ra ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin? Èsì tiwa ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo àgbébọ̀ tó wà nílé yín ná.

Àwa ìdílé mẹ́rin la jọ ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kan ní Ìdí-Mángòrò. Ilẹ̀ tá a ń lò ò ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ. Ẹ̀rọ dáa o, àmọ́ ooru inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní bíi 37.5°C láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí wọ́n á fi pa lọ́jọ́ 21. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Adìyẹ tó ń sàba ò bá iná ṣe. Ara rẹ̀ ni iná.

Èyí tó bá ń wú ìyẹ́, tó ń kùn, tí kò fẹ́ dìde lórí ìtẹ́, òun la máa ń mú. Ẹyin 10 sí 12 ti tó o. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò bá bò, á tutù ni. Ẹyin tá a kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan la máa ń lò, a kì í fọ̀ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan náà la máa ń kó gbogbo wọn sábẹ́ ẹ kí wọ́n lè jọ pa, a ó sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí wọn, torí adìyẹ mìíràn lè wá yé tiẹ̀ kún un. Lálẹ́ ọjọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìdí ẹyin tó fẹ̀. Èyí tó lọ́mọ nínú á ní iṣan pupa tó ta bíi gbòǹgbò. Èyí tó mọ́ gaara, ẹ yọ ọ́. Láti ọjọ́ 18, ẹ fọwọ́ kúrò. Tí òròmọdìyẹ bá ń sọ èèpo, ẹ má bá a fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dà.

Ẹyin ní ń di àkùkọ lóòótọ́, àmọ́ lùkúlùkú kì í jẹ́ kí gbogbo wọn dì í. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ àrùn yìí ní Nàìjíríà, láàárín December 1952 sí February 1953. Ẹ wo oṣù yẹn: àsìkò ọyẹ́ ni. Títí dòní, ìgbà yẹn náà ló máa ń jà jù. Ọrùn adìyẹ á lọ́, ìgbẹ́ ẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á máa mí tìpátìkúùkù. Kò ní ìwòsàn. Àjẹsára nìkan ló wà.

Ibí lọ̀rọ̀ wa wà gan-an. Ìgò kékeré kan lè tó adìyẹ 200, tẹ́ ẹ bá sì ti pò ó, ẹ ò lè tọ́jú èyí tó kù dọ̀la. Nínú wa, kò sẹ́ni tó ní adìyẹ 30. Ta ló fẹ́ ra oògùn adìyẹ 200 torí mẹ́sàn-án? Nítorí náà la ṣe jọ ń dáwó. Iléeṣẹ́ NVRI ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní I-2. Ẹ̀kán kan sójú ni, ó sì máa ń fara da ooru ju ọ̀pọ̀ lọ. A máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ní Kérésì kan, ìyá kan ládùúgbò ní òun ò rówó oògùn dá. Ó ra àkùkọ kan lọ́jà, ó dà á mọ́ tiẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ilé adìyẹ ẹ̀ ti dá páropáro. Owó ẹyin ọ̀hún ló fi ń san owó iléèwé ọmọ. Ìdí nìyẹn tá ò kì í fi béèrè mọ́ bóyá ẹnìkan ti sanwó ká tó kán an sójú adìyẹ ẹ̀. Tí tiẹ̀ bá kú, tiwa náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rówó lẹ́yìn ọ̀la, kó mú un wá.

Adìyẹ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Búrẹ́dì Agége tó ti bu, ẹ má fún wọn jẹ. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi kó kẹ́míkà ní fáktírì, ẹ má bu omi wọn sí i, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta adìyẹ lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó bá ń tòògbé, ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ lọ sìn ín.

Òròmọdìyẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Ẹ ka iye adìyẹ tó wà lójúlé yín àti ti aládùúgbò kí ọyẹ́ tó dé. Tó bá ti pé 100, ẹ dáwó.