Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí bá iṣẹ́ mi mu gan-an. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mo fi ń jẹun ní ìlú Ìbàdàn yìí, láti Bódìjà títí dé Challenge. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ènìyàn ni a kọ́kọ́ máa ń wá láti dá lẹ́bi. Ẹni tó kéré jù lọ́fíìsì, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbínú sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń lọ. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀, kò kàn sí ẹni tó kà á ni.

ADÈNÀ INÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà ogún tàbí ọgbọ̀n, ìyọnu ńlá ni kí a máa fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Sáfà ni a ń pe ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ yìí ni òyìnbó ń pè ní domain controller. Adènà ni. Bí òṣìṣẹ́ bá jókòó láàárọ̀, tó tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, adènà yìí ni yóò wò ó bóyá òun ni lóòótọ́, àti bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí fáìlì tó fẹ́ ṣí.

Microsoft gbé irú adènà tirẹ̀, Active Directory, jáde pẹ̀lú Windows 2000, owó ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, ó sì fi í fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, Andrew Tridgell, tó ń kàwé ní Canberra ní ilẹ̀ Australia, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wá di Samba. Samba yìí ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Linux àti ti Windows gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2012, Samba 4 jáde, ẹ̀rọ Linux sì lè ṣe adènà Active Directory láìsan kọ́bọ̀ fún ìwé àṣẹ. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀ fi ń lò ó.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ RING ROAD

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ring Road ránṣẹ́ pè mí. Mo kúrò ní Bódìjà, mo gba Mọ́kọ́lá já sí Dùgbẹ̀, mo sì ti ibẹ̀ gba Òkè-Bọ́là. Kí n tó dé, aago mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà gba àwọn wọlé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwọn ṣí fáìlì kankan. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ lè wọlé rárá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó oṣù ni, inú sáfà ni ìwé owó oṣù sì wà.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti ní kó yí páásíwọ́ọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó fiṣẹ́ sílẹ̀ padà, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló béèrè owó àfikún iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí wọ́n jẹ ẹ́, tí ó sì fi ìbínú lọ sílé rẹ̀ ní Àgbowó. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́ tí adènà lé gbogbo wọn padà, ọ̀gá ní òun náà ló tilẹ̀kùn mọ́ wọn kó lè fi tipátipá gba owó rẹ̀. Ó pè é lólè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní bí aago méjìlá bá lù, òun ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n tilẹ̀ ti fi fóònù pe ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọmọ náà bá mi sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan kọjá àwọn méjì tí wọ́n rán mi, sà."

Mo ní, "Àbúrò, fara balẹ̀. Jẹ́ ká bi ẹ̀rọ náà."

BÍ A ṢE BI Ẹ̀RỌ LÉÈRÈ

Ìbéèrè kìíní: ẹni mélòó ni kò lè ṣiṣẹ́? Bó bá jẹ́ ẹnì kan, páásíwọ́ọ̀dù onítọ̀hún la ó wò. Bó bá jẹ́ gbogbo ilé, adènà ló ń ṣàárẹ̀, tàbí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ni.

Ìkejì: ṣé ọ̀nà já? Mo wo wáyà, mo wo àwọn iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú, mo sì ránṣẹ́ sí sáfà láti orí kọ̀ǹpútà kan. Ó dáhùn. Ọ̀nà já.

Ìkẹta: ṣé àwọn kọ̀ǹpútà mọ ibi tí adènà wà? Bí àwa ṣe ń wá nọ́ńbà ènìyàn nínú fóònù kí a tó pè é, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń wá ara wọn nínú ìwé orúkọ tí à ń pè ní DNS. Sáfà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa dá wọn lóhùn. Mo ti rí ọ́fíìsì tí ẹnì kan ti yí DNS sí ti ìta, bíi 8.8.8.8 ti Google, pé kí íntánẹ́ẹ̀tì lè yára. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà wọn kò rí adènà mọ́, nítorí ará ìta kò mọ orúkọ ará ilé. Mo fi àṣẹ tí à ń pè ní host béèrè. Ìdáhùn tó jáde tọ̀nà.

Ìkẹrin: kí ni adènà fúnra rẹ̀ ń sọ? Ẹ̀rọ Linux a máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìrántí rẹ̀, nínú àpò tó ń jẹ́ /var/log. Mo jẹ́ kó túbọ̀ máa sọ̀rọ̀ kíkún, mo ní kí akọ̀wé owó gbìyànjú láti wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago ẹni tó ń kanlẹ̀kùn fi ju ìṣẹ́jú àáyá 300 yàtọ̀ sí ti òun.

Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, date, tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ sọ ọjọ́ àti àkókò. Sáfà náà ní oṣù Kìíní ọdún 2010 ni àwọn wà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn!

Kí ló kan adènà kan aago? Kerberos ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó fi ń dá ènìyàn mọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1980. Kì í jẹ́ kí páásíwọ́ọ̀dù máa rìn kiri lórí wáyà. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń fúnni, àkókò sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kí olè má baà jí ti àná wá lò lónìí. Bí aago méjèèjì bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ síra, adènà ò ní gbà á, ìbáà ṣe ọ̀gá pátápátá ló ń kanlẹ̀kùn.

Kí ló wá dá aago padà? Sáfà tòkunbọ̀ ni. Nínú rẹ̀ ni bátìrì pẹlẹbẹ kan wà, CR2032, tó rí bí owó ẹyọ, tó ń jẹ́ kí aago ẹ̀rọ máa rìn bí kò bá sí iná. Bátìrì yìí ti kú tipẹ́. Wọn kò mọ̀, nítorí UPS kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú pátápátá. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, iná ọba lọ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀, UPS sì gbẹ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago padà sí ọjọ́ tí wọ́n fi sí i níbi tí wọ́n ti ṣe é. Íntánẹ́ẹ̀tì tí sáfà ì bá fi béèrè àkókò tó péye kò sì tíì dé.

Wọ́n rán dírẹ́bà sí Dùgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Owó bátìrì náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. A pa sáfà, a pààrọ̀ bátìrì, a tún aago ṣe, a tan án padà. Kí aago méjìlá tó lù, gbogbo wọn ti wọlé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Sáfà a máa fi ọjọ́ tí páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yí padà kẹ́yìn pa mọ́. Mo pe ọ̀gá wá wò ó. Méjì péré ló yí padà ní ọjọ́ Ẹtì yẹn: àwọn méjì tí wọ́n rán ọmọ náà. Nínú ìwé ìrántí, ìlà tó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì jẹ́ 2016. Ìlà tó tẹ̀lé e jẹ́ 2010. Kò sí ọwọ́ ènìyàn láàárín méjèèjì.

Ọ̀gá fẹ́ pe ọmọ náà wọ ọ́fíìsì kó bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé owó ló sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Níwájú gbogbo wa lẹ ti pè é lólè. Níwájú gbogbo wa náà ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́." Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀, ó jáde síta, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá fóònù ọmọ náà padà fún un. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Wọ́n san owó àfikún iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún parí, ó wá iṣẹ́ sí ibòmíràn.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní iléèwé, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì, ẹ gbọ́ o:

1. Ẹ máa pààrọ̀ bátìrì inú sáfà kó tó kú, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí sáfà máa béèrè àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù sì máa gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé kí ẹ tó tan sáfà.

3. Bí agbára bá wà, ẹ ní adènà méjì, kí èkejì lè dúró bí ọ̀kan bá ṣubú. Ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn.

4. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sáfà sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù àgbà sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ènìyàn méjì mọ ibi tó wà. Ààbò nìyẹn fún iléeṣẹ́, ààbò sì ni fún òṣìṣẹ́ náà.

5. Ẹ san owó alágbàṣe lásìkò. Bí ẹ bá jẹ ènìyàn lówó, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ ni yóò máa jọ pé òun ló bà á jẹ́ lójú yín.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ lè gbèjà wọn níbi tí ẹnu wọn kò ti ní tó.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bátìrì CR2032 wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni ló lè rà á lọ́sàn-án kan. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí a bá bà jẹ́, kò sí lórí àtẹ.