Ìdárò Kalakuta

Ẹni tó bá wọ dánfó ní Okokomaiko lónìí pé òun ń lọ wo Kalakuta, ilé tí kò sí mọ́ ló ń lọ wò. Síbẹ̀, mo lọ. Mo kọjá Ìyànà-Ìbà, mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí ọjà Alábà, mo kọjá bárékè Ọ̀jọ́, mo kọjá Festac, mo dé Mile 2. Mo wọkọ̀ Òṣòdì, mo gba Mushin dé Ìdí-Òro. Bí ẹni ń lọ kí ọlọ́fọ̀ ni mo ṣe múra.

Kalakuta, mo kí ọ. Nọ́ńbà 14, Agege Motor Road. Àtìmọ́lé tí wọ́n ju Fela Aníkúlápó olórin sí ní Alágbọn ló ti mú orúkọ rẹ bọ̀. Ohun tí wọ́n fi tàbùkù rẹ̀, ó fi ṣe oyè fún ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ kì í tì mọ́ àlejò. Ọmọ tí bàbá lé jáde, olórin tí kò rílé gbé, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń forí lé.

Ní òdìkejì títì, ní Empire Hotel, ni Shrine, ilé ijó Fela, wà nígbà náà, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ bá Africa 70, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Tony Allen a jókòó ti ìlù, ọwọ́ rẹ̀ a máa sọ tọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa sọ tẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn a sì bára mu. Tunde Williams a fun fèrè idẹ, Lekan Animashaun a fi sàsófóònù olóhùn ńlá gbè é. Orin kan ṣoṣo a kún ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù bámúbámú. Ẹnikẹ́ni kì í kánjú.

Ọdún 1977 ló gbé ọ lọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún Festac. Fela kò bá ìjọba dá sí i. Àwọn àlejò ń kúrò nínú ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ dè wọ́n lójú ọ̀nà Badagry, wọ́n ń wá a lọ sí Shrine. Ayẹyẹ parí tán, ó di ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ṣójà dé, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún. Fela ti kọrin Zombie lọ́dún tó ṣáájú, nípa ẹni tí kì í gbésẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kó gbé e. Wọ́n wá fi ara wọn jẹ́rìí sí orin náà. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n fi obìnrin wọ́lẹ̀, wọ́n sọ iná sí ọ. Iná jó ilé ìwòsàn Dókítà Beko, àbúrò Fela, ó jó ohun èlò orin, ó jó téèpù, ó jó ohùn tí Fela ti gbà sílẹ̀ fún fíìmù ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n ju Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, ìyá Fela, ẹni ọdún 76, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ara rẹ̀ kò yá mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, 1978.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Wọ́n ní ṣójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, nítorí gbogbo ìlú ló ń kó amọ̀ wá tún ilé ọba mọ. Ta ni ìbá tún ìwọ mọ, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tó yẹ kó gbé amọ̀ ló gbé iná? Ilé-ìwé girama tó ń jẹ́ orúkọ Ransome-Kuti ló wà lórí ilẹ̀ rẹ báyìí. Mo dúró níta, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, ó sì tù mí nínú pé ohùn ọmọ ni. Shrine tuntun wà n'Ikeja láti 2000. Ilé tó wà ní Gbemisola, níbi tí wọ́n sin Fela sí ní 1997, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2012. Ọpẹ́ yẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ni ilé méjèèjì, àbúrò kì í sì í jí ẹ̀gbọ́n tó kú.

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀jọ́ nírọ̀lẹ́, mo yà sí Alábà, ọjà tí ariwo sípíkà kì í dákẹ́. Orin Fela tó ti jáde kí iná tó dé, mo lè dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n bá mi wá a. Èyí tó jó mọ́ ọ ńkọ́? Mo dúró níwájú ẹni tó ń tajà, ó ní kí ni mo fẹ́, n kò sì rí orúkọ pè.

Kalakuta, ó dàárọ̀ o.