Eégbọn Kékeré, Àìsàn Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Jọ́ọ̀sì ṣe ilé, nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ìwé ọdún yìí ní kí a kọ nǹkan sí i, ìtàn ẹgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A rò ó, a tún un rò, a rí i pé àwọn àgbà tí ó jù wá lọ yóò kọ ìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ni a fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ eégbọn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín rí.

Ní Iléyá ọdún 2022, àwa ènìyàn méje da owó jọ, a ra màlúù kan. Mẹ́ta nínú wa jẹ́ ọmọ ìyá, àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ará ìlú wa. Ọdún ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tí a fa màlúù náà wálé, a sì so ó mọ́ ìdí máńgòrò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Fúlàní tí ó tà á fún wa kìlọ̀ pé kaska pọ̀ lára rẹ̀, kí a má so ó mọ́ ibi tí a ń sùn. Kaska ni àwọn Hausa ń pe eégbọn. A ní ṣé kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún péré ni? A kò fi etí sí i.

Òótọ́ ni eégbọn kún etí màlúù náà, ó kún abẹ́ ìrù rẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀. Àwọn ọmọ sọ ọ́ di eré. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń já a, wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ń sọ òmíràn sí adìẹ, wọ́n sì ń ju àwọn yòókù sílẹ̀ láàyè. Àwa àgbà jókòó, a ń wò wọ́n. Nítorí olè, àbúrò wa ọkùnrin tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì sùn lóru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọdún pé, a pa màlúù, a fẹ́ pín in. Ìjà sì dé. Ọ̀rọ̀ orí àti awọ ni ó dá a sílẹ̀. Àbúrò wa sọ̀rọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ da owó, ẹni tí ó tó bàbá bí i. Bàbá náà gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìgbà á sọ." Ó jáde nílé wa.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ọdún, ibà gbé àbúrò wa dè. Orí ń fọ́ ọ, ọrùn àti gbogbo ẹran ara ń ro ó, ara rẹ̀ gbóná bí iná. A lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Kò lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kò lọ. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwa náà kò sì béèrè. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, ẹnìkan nínú ilé wa la ẹnu, ó ní, "Ẹ ò rántí ohun tí Bàbá sọ? Ó ní ìgbà á sọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. A kò tún kí Bàbá mọ́. Ó wá wo aláìsàn, a ní ó ń sùn. Ó gbé ọsàn wá, a kó o fún ẹran jẹ. Nínú ìlú tí a ti jọ sá àsálà fún ẹ̀mí wa ní ọdún 2001 àti ọdún 2008, tí ó jẹ́ pé ilé Bàbá yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa sá sí, àwa ni a pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Nígbà tí agbára kò sí mọ́, a gbé àbúrò wa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà àgbàlagbà kan ni a bá níbẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò rí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀. Ó wá bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wá: ẹran wo ni ọmọ yìí fọwọ́ kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, níbo ni ó sì sùn? A wo ojú ara wa. Ó ní kí ó bọ́ aṣọ. Lábẹ́ ibi tí ó ń so okùn ṣòkòtò mọ́ ni ojú egbò kékeré kan wà, kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ, èépá dúdú bò ó, àyíká rẹ̀ sì pọ́n. Òmíràn wà lẹ́yìn orúnkún. Kókó sì wú sí abẹ́ itan rẹ̀. Dókítà ní gbogbo àmì náà jọ ti ibà eégbọn. Ó kọ oògùn kan tí ń jẹ́ doxycycline fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, àbúrò wa ní kí a fún òun ní àmàlà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí, tí a sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹranko léèrè. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nínú ohun tí a kọ́.

Eégbọn kì í ṣe ẹbí èèrà tàbí iná orí. Ẹbí aláǹtakùn ni. Ẹsẹ̀ 8 ni àgbà rẹ̀ ní, ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin ní 6. Ìgbà mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀: nígbà tí ó wà lọ́mọ, nígbà tí ó bàlágà díẹ̀, àti nígbà tí ó di àgbà. Abo tí ó bá mu ún yó á já bọ́, á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì kú. Kò ní ìyẹ́, kì í sì í tọ. Òmíràn á gun orí koríko, á na ẹsẹ̀ de ẹni tí ń kọjá. Òmíràn, bí irú ti màlúù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, á tọ èémí ènìyàn tàbí ẹran lọ. Àwọn tí ọmọ wa jù sílẹ̀ láàyè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn ni ó rìn tọ àbúrò wa lórí ẹní. Itọ́ rẹ̀ ń mú kí ojú ibẹ̀ kú, ìdí nìyí tí ènìyàn kì í fi í mọ̀ pé ó ti bu òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjòjì sí àwa Yorùbá. Ní 1964, àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì kan lára eégbọn màlúù ní Ìbàdàn, orúkọ Dùgbẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ní 1967, wọ́n rí òmíràn nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù níhìn-ín, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jos. Ilé wa ní orúkọ níbẹ̀, ibi tí a ṣe àtìpó dé náà ní. Vom tí kò jìnnà sí wa yìí ni ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1924.

Ibà tí ó mú àbúrò wa kì í sábà pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n eégbọn ní ẹrù tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà Crimea àti Congo wà, tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè pa tó 40 nínú 100 àwọn tí ó bá mú. Láti bí 1960 sí 1970 ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lára ẹran ọ̀sìn àti eégbọn ní Nàìjíríà. Ẹran tí ó ní in kì í ṣàìsàn, ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí eégbọn kò bá tilẹ̀ bu ènìyàn jẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń ṣe, lè kó o ràn án. Ẹ̀yin alápatà wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é?

Èkínní, kí a so ẹran jìnnà sí ibi tí a ń sùn, kí a sì máa gé koríko àyíká ilé.

Èkejì, bí a bá fẹ́ wọ inú koríko tàbí ibi tí màlúù ń dùbúlẹ̀, kí a wọ bàtà òjò àti ṣòkòtò gígùn, kí a ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ funfun dára, eégbọn kò lè fara pamọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí a bá dé, kí a yẹ ara wò: abẹ́ abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdodo, abẹ́ itan, ẹ̀yìn orúnkún, àti orí àwọn ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá bá a lára, kí a má fi iná jó o, kí a má da kẹrosíìnì tàbí epo sí i. Èyí lè mú kí ó bì ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ara wa. Ẹ̀mú kékeré tí a fi ń tu irun ojú ni kí a fi mú un níbi tí ó ti kan awọ ara gan-an, kí a fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Kí a má fi èékánná pa á. Kí a fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ wa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ń pa ẹran tàbí tí ń bó awọ kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì bo egbò ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ajá àti ẹran tí a ń sìn, kí a bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ nípa oògùn eégbọn. Ẹran tí a fẹ́ pa láìpẹ́, kí a má bu oògùn sí i láìbéèrè, nítorí ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Èkeje, bí ibà bá dé lẹ́yìn èyí, kí a tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí a sì sọ fún dókítà pé a bá ẹran ṣe. Ibà ẹ̀fọn ṣì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ti ẹ̀fọn. Kí a má sì dá doxycycline rà lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bàbá. Nígbà tí àbúrò wa le rìn, gbogbo wa lọ sílé rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ìyàwó wa kúnlẹ̀. A sọ ohun tí a rò nípa rẹ̀, a kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé eégbọn wá sọ mí di oṣó?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gbé omi wá fún wa. A mu omi náà. Ṣùgbọ́n ní Iléyá tí ó tẹ̀ lé e, tí a ní kí a jọ da owó, ó ní kí a máa ṣe tiwa, òun ti ra àgbò.

Ìdí tí a fi kọ èyí nìyẹn. Oògùn lé ibà lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí a fi ẹnu wa bà jẹ́ ni a ṣì ń tún ṣe. Kí ẹ tó wá ọ̀tá kiri, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ aṣọ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi àìmọ̀ pàdánù ara wa. Àmín.