Ẹ Máa Ka Lẹ́tà Wẹ́wẹ́

Kò sí ọmọdé ní Ladi-Lak tí kò mọ iye tí alájọ ń gbà. Bí ẹ bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 ni owó yín. 14,500 lẹ máa gbà, 500 yòókù di ti alájọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sínú ìwé, lọ́yà kankan ò bu ọwọ́ lù ú, síbẹ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí títì á sọ ọ́ fún yín láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá bi ìyá yìí kan náà léèrè iye tí wọ́n ń yọ bí èèyàn bá ta ṣíà. Ẹnu á wọhò. "Wọ́n á kúkú yọ tiwọn," ló máa wí. Àwọn wo ni "wọ́n"? Èló sì ni "tiwọn"? Kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ owó òun fúnra rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú dáadáa mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la fi ń jí, òun náà la fi ń sùn. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ní nǹkan kan. Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ kí gbogbo ayé kà, á ní kí n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́ sókè. Èyí tí òfin ní kó sọ, ṣùgbọ́n tí kò bìkítà bóyá ẹ kà á tàbí ẹ ò kà á, á ní kí n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ tì í sísàlẹ̀. Ìkéde nípa owó iṣẹ́ àti òfin ọjà ṣíà, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló máa ń fìdí sí.

Àpótí bàbá wa ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìsàlẹ̀ ìwé. Akọ̀wé Rélùwéè ni bàbá wa ní Èbúté-Mẹ́ta. Bí owó oṣù bá wọlé, a ó jẹun, a ó san owó yàrá méjì tí à ń gbé ní Ladi-Lak, èyí tó bá ṣẹ́kù, ṣíà ni bàbá máa fi rà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, nígbà tí ìjọba ológun tún òfin 1972 ṣe, tí wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ta púpọ̀ sí i nínú ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ọdún yẹn gan-an ni Lagos Stock Exchange, tó ti ń ná ọjà láti 1961, gba orúkọ tuntun, Nigerian Stock Exchange. Bàbá tún rà lẹ́yìn 1988 nígbà tí ìjọba ń ta ìpín tirẹ̀ fún aráàlú. Ti àwọn báńkì ló rà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, sọ ní oṣù keje 2004 pé báńkì tí owó rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, kó kógbá wọlé.

Inú ìyá wa ò dùn sí i rárá. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé sí Ìkòròdú," ni ìyá máa ń wí, "ọkọ tèmi fi bébà kọ́ tiẹ̀ sínú àpótí."

Bàbá kú ní 2012. Àpótí wà lábẹ́ ibùsùn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Àbúrò mi ọkùnrin ní gbájúẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ká kúkú fi dáná. Ní 2017, ojú ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà, ojú méjèèjì. Owó dà? Èmi ni àkọ́bí. Mo fa àpótí jáde.

N ò ní fi ìrìn tí mo rìn nítorí ìwé ilé ẹjọ́ dá yín lágara, ìwé tó fi hàn pé àwa ni ajogún. Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì bróókà tí mo kọ́kọ́ wọ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé èló ni wọ́n máa yọ bí a bá tà. Ó rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń rí náà ni, mà." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ bó ṣe máa ń rí sílẹ̀ fún mi.

Bó ṣe rí nígbà náà nìyí. Lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ bá tà, bróókà lè gba náírà kan àti kọ́bọ̀ 35, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Stock Exchange tó ni ọjà á gba 30 kọ́bọ̀. CSCS, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí, á gba 30 kọ́bọ̀. Owó òǹtẹ̀ ìjọba jẹ́ kọ́bọ̀ méje àbọ̀. Bí ẹ bá ń rà ni, ti Stock Exchange àti ti CSCS á yẹ̀ kúrò, àjọ SEC tó ń ṣọ́ gbogbo ọjà á wá gba 30 kọ́bọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Ẹni tó ń tà á san náírà méjì àti kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Ẹni tó ń rà á san náírà kan àti kọ́bọ̀ 72 àbọ̀. Ti alájọ wa ní Ladi-Lak ńkọ́? Náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ 33 lórí ọgọ́rùn-ún, lóṣooṣù. Ẹni tó rà tó sì jókòó tì í fún ogójì ọdún bíi bàbá wa, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń rà lónìí tó ń tà lọ́la ló ń bọ́ wọn.

VAT nìkan ni kì í jókòó sójú kan. Ní 2014 ìjọba yọ ọ́ kúrò lórí owó iṣẹ́ ọjà ṣíà fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé ní 2019, ojú àánú náà tán. Ní oṣù kejì 2020, VAT fúnra rẹ̀ kúrò ní náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó di náírà méje àbọ̀. Ìkéde wà fún un, àbí kí la tún fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ta ló kà á?

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kí owó iṣẹ́ ṣáà ti kéré ló dáa jù. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa ga kọjá 66,000. Nígbà tí 2009 fi máa parí, kò tó 21,000 mọ́. Nígbà tó ń já bọ̀ ní oṣù kẹjọ 2008, SEC, Stock Exchange àti àwọn bróókà kéde pé àwọn ti gé owó iṣẹ́ sí ìdajì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àsìkò yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin kejì: iye owó ṣíà kò gbọdọ̀ já ju náírà kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè gòkè tó náírà márùn-ún. Ẹ wo ìyá onítòmátì ní ọjà Bariga. Wọ́n ní owó ìsọ̀ rẹ̀ ti di ìdajì, ṣùgbọ́n tòmátì tó ti ń jẹrà, kò gbọdọ̀ dín in ju náírà kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ta ni máa rà á? Bàbá wa fẹ́ tà lọ́dún náà, kò rí ta. Kí ọdún tó parí wọ́n yí òfin náà padà, ọjà ti bàjẹ́ tán kí wọ́n tó yí i. Òfin kékeré yẹn na bàbá ju gbogbo owó iṣẹ́ tó san láyé rẹ̀ lọ.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí èmi àti àbúrò mi ti fa ara wa láṣọ. Bàbá ní ṣíà ilé iṣẹ́ ìdókòwò ìbánigbófò kan, 20,000 ìpín. Ó ti pẹ́ tí iye rẹ̀ ti dúró sí 50 kọ́bọ̀ gbọnin, nítorí òfin Stock Exchange ni pé ṣíà kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju 50 kọ́bọ̀ lọ. Lójú ìwé, 10,000 náírà ni. Ní 29 oṣù kìíní 2018, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀: wọ́n gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn kúrò, ṣíà lè já títí dé kọ́bọ̀ kan. Kò pẹ́, tiwa di 20 kọ́bọ̀. A tà á, ó di 4,000 náírà, kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́.

"Ẹ rí i!" ni àbúrò mi pariwo. "Òfin ti jí 6,000 gbé mọ́ màmá lọ́wọ́!"

Mo bi í pé ní gbogbo ọdún tó fi wà ní 50 kọ́bọ̀, ta ló wá rà á? Kò sí. Ẹni tó ní ẹ̀wù òun tó 50,000, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fún un ju 5,000 lọ, 5,000 ni ẹ̀wù rẹ̀. Òfin àtijọ́ fi orúkọ owó dá wa lọ́lá, òfin tuntun fún wa lówó díẹ̀. Èwo la lè gbé lọ fún dókítà? Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n títí di òní kò gbà. Bóyá òun náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún àwọn bàbá wa tipẹ́ pé 50 kọ́bọ̀ yẹn kì í ṣe iye ọjà.

Èrè orí ṣíà tún ni wàhálà mìíràn. Láyé àtijọ́, bébà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, bébà sọnù. Ìyẹn ló mú kí SEC ní kí gbogbo onísíà gba fọ́ọ̀mù, kí báńkì lu òǹtẹ̀ sí i, kí èrè máa wọ àkáǹtì wọn tààrà. Wọ́n kéde rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, pé bí gbèdéke bá kọjá, 150 náírà ni ẹni tó bá pẹ́ máa san. Gbèdéke náà sún, ó tún sún, títí dé oṣù kejì 2018. Nítorí 150 náírà, àwọn èèyàn tò bí ẹni tó ń gba epo. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ ju 150 lọ. Òfin ilé iṣẹ́ sọ pé èrè tí a kò bá gbà fún ọdún 12, kò sí ẹni tó tún lè pè é lẹ́jọ́. Èyí tó ti kọjá ọdún 12 nínú ti bàbá wa lọ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìṣúná 2020 tún sọ pé èyí tó bá sùn fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n kó o sí àpò kan lọ́wọ́ ìjọba, kí olówó wá béèrè rẹ̀ níbẹ̀ tó bá dé.

Ní ìparí gbogbo rẹ̀, kí la rí? Ọ̀kan nínú àwọn báńkì tí bàbá rà wà lára mẹ́ta tí ìjọba gbà ní 2011. Ti ibẹ̀ di bébà lásán. Àwọn èyí tó rà ní 1977 ló bí. Ilé iṣẹ́ ti fún un ní ṣíà ọ̀fẹ́ lórí èyí tó ní, léraléra, títí ó fi pọ̀. A ta ìdá mẹ́rin rẹ̀, ó san iṣẹ́ abẹ ojú kan. Èrè tó ti ń sùn san ti ojú kejì.

Nígbà tí ojú ìyá là, wọ́n ní kí n gbé ìwé bróókà wá. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ni yìí? Kí ló ṣe fún wa?" Mo ní bróókà ló bá wa tà á. "Eléyìí ńkọ́?" Mo ní Stock Exchange ló ni ọjà. "Èyí?" Mo ní CSCS ló bá wa tọ́jú rẹ̀. "Ìjọba ńkọ́?" Mo ní ó lu òǹtẹ̀. "Òǹtẹ̀ nìkan?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká ìwé náà. "Bàbá yín kọ́lé, àṣé. Àwa ni a ò mọ ẹnu ọ̀nà."

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń kó ìwé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ò sì tán, nítorí òfin ò yé jáde. Nigerian Stock Exchange fúnra rẹ̀ ti di NGX láti 2021. Nígbà kan, kí CSCS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ẹni tó ta ṣíà lè dúró de owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Láti 2000 ó di ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Láti 28 oṣù kọkànlá 2025, ó di méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Ní ìparí 2025 bákan náà, àbúrò mi sáré wọlé pé ìjọba fẹ́ gba 30 náírà nínú ọgọ́rùn-ún lórí èrè ẹni tó bá ta ṣíà, pé kí a yára ta ti màmá. A jọ ka òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026. Ẹni tí gbogbo ohun tó tà láàárín oṣù 12 kò bá tó mílíọ̀nù 150 náírà, tí èrè rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 10 lọ, kò kàn án. Àbúrò mi wo yàrá tí a jókòó sí, ó wò mí. "Kò kàn wá," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bébà nínú àpótí, ẹ yọ ọ́ síta kí ẹ tó dàgbà jù. Ẹ sọ fún ọmọ yín níbi tó wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ owó lórí owó yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ń gbà á àti iye rẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá sì kéré jù, awò tí a fi ń yẹ lẹ́tà wò wà lórí tábìlì mi. N kì í gba kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀.